Google Earth Pro lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ọ̀nà tí wọn kò là

Kí n tó sọ ohun tí áàpù yìí lè ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ń wá. Iṣẹ́ mi ni yíya àwòrán títì àti afárá. Mo ti pẹ́ nídìí rẹ̀ débi pé tí mo bá rí oríta ńlá kan láti òkè, ibi tí nǹkan kò ti bá ara mu ni ojú mi máa ń kọ́kọ́ lọ: afárá tó fẹ̀ ju ọ̀nà tó gbé lọ, ráńpù (ọ̀nà kékeré tó ń gbé ọkọ̀ láti ọ̀nà ńlá kan bọ́ sórí òmíràn) tó gòkè tó wá dá dúró sínú afẹ́fẹ́, oríta alájà mẹ́rin níbi tí ọkọ̀ kò ti lè kún àjà kan. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣèèṣì wáyé. Ẹni tó yà á mọ ohun tó ń ṣe; ó yà á de ọ̀nà kejì tó yẹ kó wá pàdé rẹ̀, ọ̀nà kejì náà ni kò dé. Ọ̀nà tí kò dé yẹn ni mò ń wá, Google Earth Pro ti orí kọ̀ǹpútà, áàpù tó ń fi àwòrán ilẹ̀ ayé hàn láti òkè, sì ni mo fi ń wá a.

Ọ̀fẹ́ ni. Ṣáájú ọdún 2015, dọ́là 399 ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀ lọ́dún. Oṣù kìíní ọdún náà ni wọ́n yọ owó kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn máàpù yòókù lọ ni àmì aago kékeré kan tó wà lókè. Láti 2009 ni aago náà ti wà níbẹ̀. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀pá ọdún kan á yọ síta, ẹ ó sì máa fà á sẹ́yìn: ilẹ̀ kan náà bó ṣe rí lónìí, bó ṣe rí ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, bó ṣe rí nígbà tí àwòrán ojú òfuurufú ṣì jẹ́ dúdú àti funfun.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí aago yìí ti níye lórí tó, kó lọ sí Seattle ní Amẹ́ríkà, sí etí adágún Lake Washington, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà igi tí wọ́n ń pè ní Washington Park Arboretum. Ọ̀nà SR 520 ló gba orí omi kọjá níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ ní 1963, wọ́n kọ́ ráńpù mọ́ ọn sílẹ̀ de ọ̀nà márosẹ̀ mìíràn, R.H. Thomson Expressway, tó yẹ kó gba ọgbà náà kọjá lọ sí gúúsù. Àwọn ará ìlú kọ̀ jálẹ̀. Ní oṣù kejì 1972, wọ́n dìbò, ìbò náà sì pa ọ̀nà yẹn. Ṣùgbọ́n ráńpù ti wà nílẹ̀. Ó dúró lórí òpó rẹ̀ lókè omi fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọ̀dọ́ sì ń bẹ́ láti orí rẹ̀ sínú adágún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ fa ọ̀pá ọdún sí àwọn ọdún 1990, ẹ ó rí i gbangba, bó ṣe yà kúrò lára SR 520 tó sì parí síbi tí kò sí nǹkan kan. Ẹ wá rọra máa bọ̀ síwájú. Lẹ́yìn 2010, afárá tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, ráńpù náà á sì máa dín kù láti àwòrán dé àwòrán. Mo ti ka ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kí n tó fi ojú ara mi wo èyí, kíkà kò sì tó o. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Kì í ṣe Seattle nìkan ni. Lẹ́yìn òfin ọ̀nà ọdún 1956 tí Ààrẹ Eisenhower fọwọ́ sí, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni ó ń san ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọ̀nà Interstate (ọ̀nà márosẹ̀ tó so àwọn ìpínlẹ̀ pọ̀, tí nọ́ńbà wọn ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú I), ìpínlẹ̀ á wá san 10 tó kù. Ìlú wo ló máa rí irú owó bẹ́ẹ̀ tí kò ní nawọ́ gbà á? Ìlú ńlá kọ̀ọ̀kan ya ọ̀nà bí òrùka yí ara rẹ̀ ká, ó tún ya ìlà tó la àárín ìlú kọjá. Àdúgbò àwọn tálákà àti ti àwọn aláwọ̀ dúdú ni ìlà wọ̀nyí sábà máa ń gbà, tàbí inú ọgbà ìgbafẹ́, torí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ló rọrùn fún ìjọba láti gbà. Oríta ni wọ́n sì máa ń kọ́ kí wọ́n tó la ọ̀nà kejì, nítorí ó le púpọ̀ láti padà wá so ráńpù mọ́ afárá tí ọkọ̀ ti ń gbà. San Francisco ló kọ́kọ́ yarí gidigidi: ní oṣù kìíní 1959, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú náà fagi lé méje nínú ọ̀nà márosẹ̀ mẹ́wàá tó wà nínú ètò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ìlú mìíràn ń tẹ̀ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìjà bá ti parí, ọ̀nà á lọ, kùkùté, ìyẹn apá tí wọ́n ti kọ́ dè é, á kù.

Kùkùté tí mo fẹ́ràn jù láti wò ni ti Farmington ní ìpínlẹ̀ Connecticut, níbi tí I-84 àti Route 9 ti pàdé. Alájà mẹ́rin ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí iṣẹ́ yìí kì í ṣe tirẹ̀. Nínú oríta tí ráńpù rẹ̀ ń yípo, ọkọ̀ tó fẹ́ yà sí òsì á kọ́kọ́ kọjá lábẹ́ afárá, á wá fi ọwọ́ ọ̀tún yípo kó tó bọ́ sójú ọ̀nà kejì, ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde á sì máa dá iwájú ara wọn kọjá. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń gbá ara wọn. Oríta alájà mẹ́rin kò ní wàhálà yìí rárá: ọ̀nà méjèèjì ní àjà kọ̀ọ̀kan, àwọn ráńpù tó ń yà sí òsì pín àjà méjì tó kù láàárín ara wọn, ẹnikẹ́ni kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n owó ńlá ló ń jẹ, a kì í sì yà á síbi tí ọkọ̀ kò bá ti ní pọ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ti Farmington, I-291 ni wọ́n yà á dè, òrùka tó yẹ kó yí ìlú Hartford ká. Òrùka náà kò dé ibẹ̀ rí. Fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ráńpù wà, ọkọ̀ kò sí. Ní 1992 ni Route 9 tó ti gúúsù dé, tó sì gba apá tirẹ̀. Apá àríwá ṣì ń dúró.

Tí mo bá sún mọ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ìtẹ̀ ráńpù ni mo máa ń fi ojú tẹ̀ lé. Wọ́n yà á dáadáa. Ìtẹ̀ tó gùn, tó rọra yí, tí awakọ̀ lè gbà láì tẹ bíréèkì. Ẹnì kan jókòó tì í, ó ṣírò bí ilẹ̀ yóò ṣe dagun tó kí ọkọ̀ má bàa fò jáde, ó ṣírò bí afárá kan yóò ṣe ga ju èkejì lọ tó kí ọkọ̀ akẹ́rù lè gba abẹ́ rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yẹn, inú mi sì tún dùn pé òrùka náà kò dé. Méjèèjì ló wà lọ́kàn mi lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí èyí tí mo fẹ́ gbé jùnù.

Nǹkan kejì tí mo fi ń yin áàpù yìí ni pé ó gbà yín láyè láti tẹ́ àwòrán tiyín lé ilẹ̀. Ẹ wá máàpù ètò àtijọ́, irú èyí tí àwọn ilé ìkàwé ti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé e wọlé, ẹ fà á létí títí odò àti ojú irin inú rẹ̀ á fi bọ́ sórí odò àti ojú irin tòótọ́. (Ojú irin ni kí ẹ fi ṣe atọ́nà, títì máa ń yí padà, ojú irin kì í tètè kúrò níbi tó wà.) Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ilẹ̀ òní lè máa hàn lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kùkùté á sọ̀rọ̀: ìlà inú máàpù á bọ́ gẹ́lẹ́ sẹ́nu ráńpù tó já.

Mo ṣe é fún Boston. Nínú ètò, I-95 ní láti wọ ìlú láti Canton, kó gba Jamaica Plain àti Roxbury, kó lọ pàdé òrùka inú ìlú tí wọ́n fún ní nọ́ńbà I-695. Lónìí, ohun tó wà lábẹ́ ìlà yẹn ni rélùwéè Orange Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ ní 1987, àti ọgbà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn tó máìlì 4.7, Southwest Corridor Park. Kì í ṣe pé ilẹ̀ náà ṣófo tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti wó ilé àwọn èèyàn kí ọ̀rọ̀ tó yí padà. Gómìnà Francis Sargent, ẹni tó ti fìgbà kan jẹ́ kọmíṣánnà iṣẹ́ òde ní Massachusetts, ló jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ 11 oṣù kejì 1970, tó dá ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀nà márosẹ̀ tuntun inú òrùka Route 128 dúró, tó sì gbà pé ohun tí àwọn ti ń ṣe kò tọ̀nà. Kí olórí tó ti wà nídìí iṣẹ́ ọ̀nà sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ayé, nǹkan ńlá ni.

Ẹ wá sún lọ sí Canton fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti gúúsù lórí I-95, tó sì fẹ́ wà lórí I-95 síbẹ̀, àfi kó gba ráńpù yà kúrò. Ìdí ni pé iwájú tààrà ni ìlú Boston wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà náà fẹ́ lọ. Lẹ́yìn oríta, ojú ọ̀nà tó ń lọ tààrà wọ inú igbó, ó sì tán. Láti òkè, ẹ ó rí ipa rẹ̀ láàárín igi. I-95 kan náà tún já ní College Park ní Maryland, níbi tó yẹ kó ti wọ Washington láti àríwá. Ní 1977 wọ́n darí rẹ̀ gba apá ìlà-oòrùn Beltway, òrùka tó yí Washington ká, wọ́n sì sọ ibi tó já sí di ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Tí ẹ kò bá rí máàpù ètò, orí topoView ni kí ẹ lọ, ìkànnì USGS, àjọ ìjọba tó ń ya máàpù ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òun náà ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yan ìlú, ẹ yan ọdún, ẹ gba máàpù náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi KMZ, irú fáìlì tó mọ ibi tí máàpù wà lórí ilẹ̀. Tí ẹ bá ṣí i nínú Google Earth Pro, á bọ́ sórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ kò ní fà á létí. Ẹ máa ṣọ́ àwọ̀ elésè àlùkò. Nígbà tí USGS bá fi àwòrán ọkọ̀ òfuurufú tún máàpù ṣe láì padà lọ yẹ ilẹ̀ wò, àwọ̀ elésè àlùkò ni wọ́n fi ń tẹ ohun tó jẹ́ tuntun. Nínú máàpù àwọn ọdún 1970, ẹ ó rí ọ̀nà márosẹ̀ ní elésè àlùkò tó gun orí ìlú, àti ibi tí elésè àlùkò yẹn ti dáwọ́ dúró. Mo fẹ́ràn máàpù wọ̀nyí gan-an. Kò sí ohun tó bá Google Earth Pro rìn dáadáa tó wọn.

Ó kù síbì kan, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àárín 1950 sí 1980 ni ìjà yìí gbóná, àwòrán àwọn ọdún yẹn gan-an ló sì wọ́n lórí ọ̀pá ọdún ní ọ̀pọ̀ ìlú. San Francisco ní ti ọdún 1938, ó sì dára. Ibòmíràn, ti àwọn ọdún 1990 ni ẹ ó kọ́kọ́ bá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó rí ìlú kí wọ́n tó wó o tàbí lẹ́yìn tí wọ́n ti wó o, ẹ kò ní rí ọjọ́ tí wọ́n ń wó o. EarthExplorer, tó jẹ́ ti USGS bákan náà, ní àwòrán òfuurufú àárín ìgbà yẹn lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ máa forúkọ sílẹ̀, ẹ ó sì máa tẹ́ àwòrán náà lé ilẹ̀ fúnra yín, ṣùgbọ́n ó tó bẹ́ẹ̀.

Baltimore ló jẹ́ kí n mọ bí àlàfo yìí ti ṣe pàtàkì tó. I-70 bẹ̀rẹ̀ láti Cove Fort ní Utah, ó rin ìrìn tó lé ní máìlì 2,100, ó dé ẹnu ìlú Baltimore nítòsí Leakin Park, ó wá parí síbi ìgbọ́kọ̀sí. Wọn kò jẹ́ kó gba inú ọgbà náà. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìlú, lórí I-95, ráńpù tó yẹ kó gbà á ṣì ń nawọ́. Láàárín ìlú sì ni wọ́n ti gbẹ́ kòtò gígùn kan láàárín Franklin Street àti Mulberry Street, kí apá kan ọ̀nà náà lè gba inú rẹ̀. Ilé 971 ni wọ́n wó níbẹ̀, pẹ̀lú ilé òwò 62. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ṣí ọ̀nà inú kòtò náà ní 1979, kò tó máìlì méjì, kò sì so mọ́ ọ̀nà márosẹ̀ kankan ní ìhà méjèèjì. Ìhà ìlà-oòrùn ìlú ló bọ́: ní Fells Point, òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re kan tó ń jẹ́ Barbara Mikulski wà lára àwọn tó kó èèyàn jọ láti tako ọ̀nà náà. Ó wọ ìgbìmọ̀ ìlú ní 1971, ó sì di sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà ní 1987. Ilé àtijọ́ Fells Point ṣì wà létí omi títí dòní.

Lójú Google Earth Pro, kòtò Franklin àti Mulberry kàn jẹ́ ìlà kan tó mọ́ tónítóní. Àwọn ilé 971 yẹn kò sí nínú àwòrán tí ọ̀pá ọdún fẹ́ fi hàn yín. Àfi kí ẹ tẹ́ máàpù àtijọ́ lé e, kí ẹ rí ilé kékeré tó kún ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ ń wò. Mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lo áàpù yìí pé kó má ṣe wo kòtò yẹn láìsí máàpù lórí rẹ̀.

Nǹkan mìíràn ni gíga. Ẹni tó ń wo ilẹ̀ láti òkè kò ní mọ ohun tó ga àti ohun tó lọ sílẹ̀. Ní Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà, ọ̀nà márosẹ̀ etí òkun tí wọ́n dá dúró ní 1977 já sókè gan-an, òpó rẹ̀ dúró, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ sí ojú ọ̀run. Láti òkè, ìlà eérú lásán ni, bí ẹ kò bá wo òjìji rẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Street View, àwòrán tí wọ́n yà láti ojú títì, ní abẹ́ rẹ̀, ẹ ó wá rí bó ṣe ga tó. Street View náà ló yẹ fún Brixton ní London. Ilé alájà gígùn kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Southwyck House. Wọ́n yà á kó dènà ariwo Ringway 1, ọ̀nà márosẹ̀ tó yẹ kó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí náà fèrèsé tó wà ní ìhà ọ̀hún kéré, wọn kò sì pọ̀. Ní 1973, àwọn tó wọlé ìdìbò sí ìgbìmọ̀ London fagi lé àwọn Ringway. Ilé náà parí ní 1981, ó kọjú sí ọ̀nà tí kò sí. Nínú gbogbo ohun tí ètò wọ̀nyí fi sílẹ̀, èyí ló dùn mí jù. Ráńpù kò mọ nǹkan kan. Àwọn tó ń gbé lẹ́yìn fèrèsé kékeré yẹn mọ̀.

Àwọn yòókù, ẹ lè máa wò ó bí àyè bá ṣe gbà yín. Memphis, níbi tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti dá sí ọ̀rọ̀ Overton Park ní 1971, tí I-40 kò sì gba inú ọgbà náà títí dòní. Toronto, níbi tí Bill Davis, olórí ìjọba Ontario, ti dá Spadina Expressway dúró ní oṣù kẹfà 1971, tí Allen Road sì ń tú gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ dà sí Eglinton Avenue. Portland ní Oregon, níbi tí wọ́n ti fagi lé Mount Hood Freeway ní 1974, tí apá kan owó rẹ̀ sì di rélùwéè MAX tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986; òfin ọ̀nà ọdún 1973 ló jẹ́ kí irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe. Atlanta, níbi tí Carter Center, ilé iṣẹ́ tí Ààrẹ àtijọ́ Jimmy Carter dá sílẹ̀, jókòó sórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà fún ọ̀nà márosẹ̀, tí oríta tó so Freedom Parkway mọ́ àárín ìlú sì tóbi ju ọ̀nà tó ń lọ síbẹ̀ lọ.

Ṣé kí ẹ lò ó? Bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọ̀nà. Ó dára ju máàpù orí fóònù lọ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ lo máòsì, kì í ṣe ìka lórí pátákó kọ̀ǹpútà, nítorí ẹ ó máa fà, ẹ ó máa yí, ọwọ́ á ro yín. Ẹ fi àmì sí gbogbo kùkùté tí ẹ bá rí, ẹ fún un ní orúkọ àti ọdún, ẹ pa á mọ́ gẹ́gẹ́ bíi KML, fáìlì tó ń gbé àmì, kí ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bí máàpù tí ẹ tẹ́ lé ilẹ̀ bá ti pọ̀ jù, kọ̀ǹpútà kékeré á máa fà nílẹ̀, nítorí náà ẹ pa èyí tí ẹ kò lò. Nínú márùn-ún, mẹ́rin àti ààbọ̀ ni mo fún un. Ààbọ̀ tí mo yọ jẹ́ ti àwòrán àárín 1950 sí 1980.

Ibi tí mò ń ṣọ́ báyìí ni Pasadena ní California. Kùkùté I-710 wà níbẹ̀, kòtò ńlá ní ìsàlẹ̀ oríta I-210 àti SR 134, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti wó ilé àwọn èèyàn kúrò. Ní 2022, ìpínlẹ̀ dá ilẹ̀ náà padà fún ìlú. Mo ti fi àmì sí i, mo sì máa ń ṣí aago lórí rẹ̀ nígbàkigbà tí àwòrán tuntun bá jáde, láti wò bóyá wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún kòtò náà.